Kí o tó dúró ti ìkòkò lok-lok ní Kuala Lumpur

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní o ń lọ kàwé ní Kuala Lumpur, olú ìlú Malaysia, lóṣù tó ń bọ̀, wọ́n sọ fún ẹ pé lok-lok, oríṣiríṣi nǹkan jíjẹ tí wọ́n fi igi tín-ín-rín gún, ni oúnjẹ tí kò ní gbọ́n àpò rẹ gbẹ, o wá ń bi wá bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ àti bóyá 20 ríńgìtì, owó wọn níbẹ̀, lè yó èèyàn. Ọdún mẹ́ta ni mo lò níbẹ̀. Màá dá ẹ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó fẹ́ẹ̀ gbẹ̀mí mi, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.

Jíjẹ ẹ́ kò le. O mú igi tó wù ẹ́, o tì í bọ omi tó ń hó, o ra á mọ́ ọbẹ̀ ẹ̀pà tàbí ti ata, o jẹ ẹ́ lóòró. O kó igi rẹ jọ, wọ́n kà á, o sanwó. Àwọ̀ ìdí igi ló ń sọ iye rẹ̀.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé lok-lok kì í ṣe súyà. Onísúyà ló dúró ti iná, òun ló mọ ìgbà tí ẹran jinná. Nídìí lok-lok, ìwọ ni alásè. Ẹni tó ni ìsọ̀ ń gbowó, ó ń to igi, kò wo tìrẹ.

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ní pasar malam, ọjà alẹ́ àdúgbò wa. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. A tó mẹ́jọ yí ìkòkò kan ká, gbogbo wa kó igi tútù bọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi tó ń hó sì dákẹ́ wẹ́lo. Mi ò fiyè sí i. Mo mú kerang, ẹran inú ìkarahun tí wọ́n ń kó nínú ẹrẹ̀ etí òkun. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ki tirẹ̀ bọ omi, kò ju kí o ka ení dé ẹ̀wá, ó yọ ọ́, omi pupa bí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán lára rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ wọn ṣe fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe bó ṣe ṣe. Igi márùn-ún ni mo jẹ.

Kò tíì mọ́ tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mi. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, mi ò lè ka iye ìgbà tí mo dìde. Nígbà tílẹ̀ máa fi mọ́, iṣan ẹsẹ̀ ti ń fà mí, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá gbé mi lọ sí kíníkì kan. Dókítà kò fọwọ́ kan ikùn mi. Ó bi mí ohun tí mo jẹ, mo ní lok-lok, ó ní ata ìlú àwọn ló le fún àlejò. Ata! Èmi ọmọ Ìjẹ̀bú tí wọ́n fi ata rodo tọ́! Ó fún mi ní parasítámọ́ọ̀lù, ó ní kí n lọ sùn. Kò béèrè kerang rárá.

Nírọ̀lẹ́, mi ò lè dá dúró mọ́. A dé ilé ìwòsàn ńlá, ẹni tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ní kí n mú ìwé ìrìnnà wá. Ìwé ìrìnnà mi ti wà lọ́wọ́ àwọn tó ń tún físà ṣe láti ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Mo fi ẹ̀dà hàn án, ó ní ojúlówó lòun fẹ́. Mo fi káàdì ìbánigbófò hàn án, ó ní ilé ìwé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni, ẹnikẹ́ni kò gbé fóònù. Mo ń bì sínú ọ̀rá lórí àga, ó ń tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wa ló dá 1,000 ríńgìtì jọ kí wọ́n tó fa omi sí mi lára. Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí.

Nítorí náà, tí wọ́n bá gba ìwé ìrìnnà rẹ, gba lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀. Béèrè ilé ìwòsàn tó ń gba káàdì yín láìgba owó sílẹ̀. Tí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀, má dúró de dókítà kankan kí o tó po èyí: omi mímọ́ lítà kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n tó tẹ́ pẹrẹsẹ, máa mu ún díẹ̀díẹ̀.

Dókítà kejì ló ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò vibrio ń gbé nínú omi òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, omi yìí sì ni kerang ń sẹ́ láti fi jẹun, ìdọ̀tí ibẹ̀ á wá kó sí i lára. Iná ń pa á, omi tó ti dákẹ́ kò lè pa á. Ìwé A, B tàbí C tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ibi ìjẹun láti fi díwọ̀n ìmọ́tótó rẹ̀ kò sọ bí omi ṣe hó lálẹ́ tí o wá. Tí wọ́n bá kó igi tuntun sínú ìkòkò, dúró kí ó tún hó kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Edé gbọ́dọ̀ pọ́n, kí ó ká. Kerang, fi í sílẹ̀. Ọbẹ̀ ẹ̀pà, bù ú sínú àwo rẹ, má ti igi tí o ti gé jẹ bọ ti gbogbo ayé. Tí o bá jẹ́ Mùsùlùmí, wo àmì halal, torí ìsọ̀ àwọn Ṣáínà lè ki ẹran ẹlẹ́dẹ̀ bọ omi kan náà.

Ẹ̀n-ẹ́n, 20 ríńgìtì. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, igi tófù (wàrà sóyà), ẹ̀fọ́ kangkung àti ẹyin kéékèèké kò ju ríńgìtì kan sí ríńgìtì kan àtààbọ̀. Tí o bá dúró sórí ìwọ̀nyẹn, o máa yó. Edé àti sotong, ẹran òkun ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀, máa ń tó ríńgìtì 3 nígbà náà, igi mẹ́fà péré, owó ti tán. Ka igi rẹ fúnra rẹ kí wọ́n tó kà á. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ oúnjẹ tó dúró nínú, wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Kajang, ìlú kan nítòsí Kuala Lumpur, jẹ sate níbẹ̀. Ẹran tí wọ́n sun lórí èédú ni, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, kùkúńbà, àlùbọ́sà àti ìrẹsì tí wọ́n kì mọ́ra wọn, ẹlòmíràn ló sì ń dúró ti iná.