Ṣé ìwé Nineteen Eighty-Four ni ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ nípa ìjọba tó ń ṣọ́ aráàlú tọ̀sán-tòru?

Rárá, kì í ṣe òun ni àkọ́kọ́: ọdún 1949 ni ìwé George Orwell yìí jáde, ṣùgbọ́n Yevgeny Zamyatin, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ti kọ ìwé ìtàn àròsọ tó ń jẹ́ We ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1921. Nínú ìtàn Zamyatin, nọ́ńbà ni àwọn ènìyàn ń jẹ́ dípò orúkọ, inú ilé onígíláàsì ni wọ́n sì ń gbé, kí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìjọba lè máa rí ohun tí oníkálukú ń ṣe. Kìkì wákàtí tí ìjọba yàn fún ìbálòpọ̀ ni wọ́n lè fa aṣọ ìkélé bo ara wọn lójú ayé. Ìjọba Soviet, tó ń ṣàkóso Rọ́ṣíà nígbà náà, kò jẹ́ kí wọ́n tẹ ìwé náà, nítorí náà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó kọ́kọ́ fi jáde, ní New York lọ́dún 1924. Ó dunni pé òǹkọ̀wé rẹ̀ ti kú sí Paris láti ọdún 1937 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ nílẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1988. Orwell ka We, ó sì kọ àgbéyẹ̀wò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Tribune ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1946. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ ìtàn nípa ìjọba aninilára lápapọ̀ ni à ń wá, The Iron Heel, ìwé Jack London, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó jáde lọ́dún 1908, ṣáájú àwọn méjèèjì.