Ṣé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè gbégbá ìbò láìní ẹgbẹ́? Ọ̀rọ̀ Martin Bell

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà oníròyìn, mo kí yín o. Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń ṣe atọ́kùn ètò Yorùbá lórí rédíò kékeré kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ará àdúgbò ní kí n wá gbégbá ìbò sí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ láìdúró lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, wọ́n sì ń fi Martin Bell, oníròyìn BBC tó wọlé ìbò aṣòfin ní 1997 láìní ẹgbẹ́, ṣe àpẹẹrẹ fún mi. Ṣé dandan ni kí n fi rédíò sílẹ̀? Ṣé ohun tó ṣe yẹn ṣeé tún ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti rédíò, torí òfin ti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ofcom, àjọ tó ń mójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò gbà kí olùdíje ṣe atọ́kùn ètò kankan ní àsìkò ìdìbò, ì báà jẹ́ ètò orin lásán. Ẹlòmíràn ni yóò máa bá yín ṣe é títí wọn yóò fi dìbò tán, ó sì yẹ kí ọ̀gá yín gbọ́ lẹ́nu yín kí ó tó gbọ́ níta.

Ní ti Martin Bell, ọdún 1962 ló wọ iṣẹ́ BBC. Ó jábọ̀ láti Ghana nígbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ Nkrumah ní 1966, ó dé Vietnam, ó sì ròyìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa pẹ̀lú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1992, ní Sarajevo, lójú ogun Bosnia, bó ṣe dúró tó ń jábọ̀ ìròyìn lọ́wọ́ ni èérún àdó olóró bà á, tó sì ṣubú níwájú kámẹ́rà. Kóòtù àti ṣòkòtò funfun tó máa ń wọ̀ lójú ogun, tó kà sí aṣọ oríire, náà ló wọ̀ lọ polongo ìbò ní 1997. Nítorí náà, kí ó tó tọrọ ìbò ẹnikẹ́ni, gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ ojú rẹ̀.

Tatton, ní Cheshire, ló ti díje. Wọ́n fẹ̀sùn kan Neil Hamilton, aṣòfin ẹgbẹ́ Conservative, pé ó gbowó láti béèrè ìbéèrè nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ṣùgbọ́n Hamilton ní irọ́ ni. Ẹgbẹ́ Labour àti Liberal Democrats wá yọ olùdíje tiwọn kúrò kí Bell lè kojú rẹ̀. Ibi tí mo máa ń ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi wò dáadáa ni ìpàdé oníròyìn tó ṣe ní pápá Knutsford, nígbà tí Christine, aya Hamilton, lọ bá a níwájú gbogbo kámẹ́rà, tó sì bi í bóyá ó gbà pé ọkọ òun kò jẹ̀bi. Ẹni tó ti fi ohun tó ju ọgbọ̀n ọdún lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn wá di ẹni tí wọ́n ń bi. Nígbà tí wọ́n sì bi í bóyá kò ní tíì dá Hamilton lẹ́bi, ó ní òun kò ní tíì dá a lẹ́bi. Ẹ múra sílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀: bí ọ̀rọ̀ bá le, atọ́kùn lè fi orin sí i, ṣùgbọ́n olùdíje kò ní orin tí yóò fi sí i.

Bell fi ìbò 11,077 borí Hamilton. Ohun tí mo yẹ́ ẹ sí jù ni pé ní oṣù kọkànlá ọdún náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn tí Bernie Ecclestone, ọ̀gá eré ìje ọkọ̀ Formula One, fún ẹgbẹ́ Labour jáde, Bell dìde nílé aṣòfin, ó sì bi Tony Blair, olórí ìjọba tó jẹ́ ti Labour, léèrè, bẹ́ẹ̀ Labour wà lára àwọn tó yẹ̀ fún un ní Tatton.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì, èyí tí àwọn ará àdúgbò yín kò sọ fún yín. Ó ti ṣèlérí pé sáà kan ṣoṣo lòun yóò lò ní Tatton, ó sì mú un ṣẹ. Ní 2001, ó lọ díje ní Brentwood and Ongar, ní Essex, níbi tí ẹgbẹ́ kankan kò ti yẹ̀ fún un. Eric Pickles ti ẹgbẹ́ Conservative fi nǹkan bí 2,800 ìbò borí rẹ̀. Òun náà ni, òkìkí rẹ̀ kò dín, ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ là fún un tẹ́lẹ̀ ni kò sí mọ́. Èmi kò rò pé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tatton ṣeé fi ṣe ìpinnu, àfi bí ẹgbẹ́ kan bá ṣèlérí fún yín pé òun yóò yẹ̀.

Ìforúkọsílẹ̀ kì í ṣe ìṣòro. Ọmọ Nàìjíríà tó ní ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke lè díje. Ní England, olùdìbò méjì péré ni yóò buwọ́ lu ìwé yín fún ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀, ẹ kò sì ní san owó ìdúró. Ti ilé aṣòfin ló gba olùdìbò mẹ́wàá àti £500, tí kì í padà bí ìbò ẹni kò bá ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ronú sí ni pé àwọn olùgbọ́ yín fọ́n káàkiri Lọ́ńdọ̀nù, wọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọn yóò sì ti ka ìbò yín. Kí ẹ tó fèsì fún ẹnikẹ́ni, ẹ rìn láti ojúlé dé ojúlé nínú wọ́ọ̀dù náà fún òpin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ẹ sì máa kọ iye ẹni tó mọ ohùn yín sílẹ̀, kí ẹ kọ iye àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.