Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ìwé Tó Wà Létí Ìró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá wa. Ẹbúté-Mẹ́ta ni ilé mi wà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, abúlé kan lápá Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa, àìsàn nìkan kọ́ ló ń bá wọn jà. Ebi ń pa àwọn kan, òrùlé àwọn mìíràn ń jò, opó mìíràn kò sì ní owó tí yóò fi wọkọ̀. Mo máa ń kọ ìwé fún wọn pé kí wọ́n lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà ní ìjọba ìbílẹ̀. Lóṣù tó kọjá, màmá àgbà kan padà wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bó ṣe tú etí ìró rẹ̀ láti mú káàdì jáde, mo rí ìwé tí mo ti kọ fún un láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn níbẹ̀, ó ṣì wà ní kíká bí mo ṣe ká a. Kí ni mo lè ṣe tí àwọn ìwé wọ̀nyí kò fi ní máa já sí asán? Ṣé kí n máa fi owó àpò mi ràn wọ́n lọ́wọ́ ni?

Ìdáhùn: Nọ́ọ̀sì ọ̀wọ́n, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Ìwé tí ẹ rí létí ìró màmá náà ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín. Àgbàlagbà tí yóò wọ ọ̀kadà méjì kó tó dé ibi tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, tí wọ́n sì tún lè ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn, ti ṣírò rẹ̀ pé owó ọkọ̀ yẹn yóò ra gààrí. Èmi náà kò ní lọ.

Ọdún méjìdínlógún ni mo fi ṣe iṣẹ́ wẹ́fíà ní ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Èkó, àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá láti àwọn abúlé etí ọ̀sà sì pọ̀ lára àwọn tí mo bá pàdé. Mo rántí ọmọ kan tí wọ́n gbé wá lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tí irun rẹ̀ sì pọ́n. Nígbà kọ̀ọ̀kan, a tọ́jú rẹ̀ títí ó fi ń rẹ́rìn-ín, a kọ ìwé lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, a sì dá wọn padà síbi tí ebi ti pa á. Kò sẹ́ni tó bèèrè nínú wa bóyá ìwé náà dé ibì kankan. Ó ń dùn mí títí dòní.

Dókítà H. Jack Geiger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ láwọn ọdún 1960 ní Mound Bayou, ìlú kékeré kan láàárín oko òwú ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà. Oúnjẹ ni wọ́n ń kọ sórí ìwé oògùn fún àwọn ọmọ tí kò jẹun kánú. Àwọn òbí ń mú ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ àdúgbò, owó rẹ̀ sì ń jáde láti inú owó oògùn ilé ìwòsàn. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ta kò ó, èsì dókítà náà ni pé oúnjẹ ni oògùn ebi. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé aláìsàn mọ ibi tó ń lọ, onísọ́ọ̀bù mọ̀ pé ó ń bọ̀, ẹni tí yóò sanwó náà sì ti wà nílẹ̀.

Kí ẹ tó kọ ìwé rárá, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu wọn. Bí ẹ bá bi àgbàlagbà ní tààrà bóyá ó rí oúnjẹ jẹ, yóò ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ bi í bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín láàárọ̀ yẹn, ẹ óò mọ̀ bóyá ó ní owó ọkọ̀. Ẹ bi í pé kí ló jẹ kó tó lo oògùn àná, ẹ óò mọ̀ bóyá iná wà nídìí ààrò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò, tó ku ẹ̀yin méjèèjì nìkan nídìí tábìlì, ni kí ẹ bi í, kí ojú má baà tì í láàárín èrò.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà yẹn fúnra yín. Ẹ mọ orúkọ ẹni tó wà níbẹ̀, ọjọ́ tó máa ń wà lórí ìjókòó, ohun tó lè ṣe àti ohun tí agbára rẹ̀ kò ká, kí ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ìyálọ́jà, baálẹ̀, lémọ́ọ̀mù àti pásítọ̀ pẹ̀lú, nítorí ní abúlé, sàká àti ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì sábà máa ń yá dé ọwọ́ opó ju owó ìjọba lọ. Kí ìwé yín ní apá méjì, bí èyí tí a fi ń darí aboyún lọ sí jẹ́nẹ́rà: apá òkè dúró lọ́dọ̀ ẹni tó gbà á, apá ìsàlẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan máa pe àwọn tí apá ìsàlẹ̀ ìwé wọn kò tíì dé. Láti 2019 ni wọ́n ti gbé e sínú ètò ìlera ní Ìlú Ọba pé kí wọ́n gba òṣìṣẹ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ń kọ káàdì lè ṣe tiyín.

Bó bá jẹ́ owó ìtọ́jú ló ṣòro, òfin ìlera ti 2014 ya owó sọ́tọ̀ láti àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìtọ́jú alábọ́dé, a sì ní ètò adójútòfò Ìlera Èkó ní ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń forúkọ aláìní sílẹ̀. Àmọ́ adójútòfò kò lè bá opó bo òrùlé, ẹnu ọ̀nà ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín ni ọ̀rọ̀ yẹn kàn.

Ní ti owó àpò yín, èmi náà ṣe é, mi ò sì ní sọ pé kí ẹ má ṣe é fún ẹni tí kò jẹun láti àná. Ẹ má kàn jẹ́ kó pamọ́. Bí ẹ bá ń san án ní ìdákẹ́jẹ́, ìgbìmọ̀ yóò rò pé ara dẹ gbogbo abúlé ni. Ẹ kọ ọjọ́, iye owó àti ohun tí wọ́n fi rà sílẹ̀ láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ sì kà á sí wọn létí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ní ti màmá ẹlẹ́jẹ̀ ríru yẹn, ẹ má kọ ìwé mìíràn fún un. Ẹ pe òṣìṣẹ́ wẹ́fíà nígbà tí màmá bá ṣì jókòó níwájú yín, kí ẹ gbé fóònù sí i létí, kí àwọn méjèèjì jọ dá ọjọ́.