Níbo ni mo ti máa rí Surf nínú géèmù Pokémon FireRed, kí n lè gun orí omi?

Inú Safari Zone ló wà, ní Fuchsia City. Ẹ ó san 500 nínú owó géèmù lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sì fún yín ní ìṣísẹ̀ 600 péré. Tó bá ti tán, ìta nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró mú Pokémon kankan lọ́nà. Ẹ gba ìlà-oòrùn, ẹ yí sí àríwá, kẹ́ ẹ wá já sí ìwọ̀-oòrùn. Ilé kékeré kan wà níbẹ̀; ọkùnrin inú rẹ̀ ló máa fún yín ní HM03, ìyẹn ohun tẹ́ ẹ máa fi kọ́ Pokémon yín ní Surf, lọ́fẹ̀ẹ́.

Àbúrò mi rí i gbà nílé wa ní Lágéré, n'Ífẹ̀ níbí, ó dúró létí omi, ó ń tẹ A ṣáá, kò wọ omi. Kò tíì na Koga, ọ̀gá Gym Fuchsia, gba Soul Badge tó ń jẹ́ kí Surf ṣiṣẹ́ lórí omi ni! Ẹ kọ́kọ́ gba ìyẹn. Kẹ́ ẹ wá fi kọ́ Pokémon bíi Blastoise tàbí Lapras, kẹ́ ẹ kọjú sí omi, kẹ́ ẹ tẹ A. Ó dùn ún fi jà gan-an pẹ̀lú, agbára rẹ̀ tó 95. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ yan ẹni tẹ́ ẹ máa kọ́, torí Move Deleter, ẹni tó ń mú kí Pokémon gbàgbé ohun tó kọ́, tó wà ní Fuchsia nìkan ló lè yọ ọ́.