Ọjà ilé-iṣẹ́ chip pẹ́ kó tó jáde: ṣé kí n ta ìpín mi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ìpín díẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe chip. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti sún ọjọ́ tí ọjà tuntun wọn yóò jáde síwájú, àwọn tí a jọ ní ìpín sì ń jiyàn pé mẹ́mórì HBM tí wọ́n yàn ló fà á. Kí ni HBM yìí, ṣé kí n sì tà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì tà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó fa ìdádúró náà, àti bí owó tí ọjà yẹn ń mú wọlé ṣe pọ̀ tó. Irú iyàn yìí gan-an ni àwọn tó ní ìpín AMD, ilé-iṣẹ́ chip kan, jà ní ọdún 2017 lórí Vega, káàdì àwòrán géèmù rẹ̀ tó lo HBM2 (ìran kejì HBM), tó sì pẹ́ kó tó jáde.

Mẹ́mórì GDDR tó wọ́pọ̀ jẹ́ chip pẹlẹbẹ tí wọ́n tò yí chip àgbà ká lórí bọ́ọ̀dù. Ní ti HBM, ńṣe ni wọ́n to àwọn chip mẹ́mórì léra wọn bí ẹni to abọ́, tí wọ́n lu ihò tín-ín-rín gba inú wọn kọjá kí iná lè máa gba ibẹ̀, tí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ chip àgbà lórí pèpéle sílíkónì kan. Ojú ọ̀nà tí dátà ń gbà nínú rẹ̀ fẹ̀ gan-an, iná tó ń jẹ sì kéré. Ṣùgbọ́n bí mẹ́mórì bá bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pọ̀, chip àgbà tí kò ní àbùkù kankan lè bá a lọ. Ní ìgbà náà, SK Hynix àti Samsung nìkan ló ń ṣe HBM2. Ẹni tó bá yàn án ti so ọjọ́ ọjà rẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹlòmíràn.

Nvidia, tó ń bá AMD díje, lo GDDR5X, irú GDDR kan, fún káàdì GTX 1080, káàdì náà sì dé ọjà ní oṣù karùn-ún ọdún 2016. Oṣù kẹjọ ọdún 2017 ni Vega 64 tó dé, ní dọ́là 499. Èyí tó dùn mí jù ni pé GTX 1080 Ti, tó ti jáde láti oṣù kẹta ọdún náà, ń gbé dátà gigabáìtì 484 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan pẹ̀lú GDDR5X, iye kan náà tí HBM2 gbé fún Vega 64. Nvidia kò kúkú kórìíra HBM2: ó lò ó fún Tesla P100, tó ṣe fún ibùdó dátà, ní ọdún 2016, nítorí pé àwọn ibùdó dátà lè san owó gọbọi, èyí tí ọmọ tó ń gbá géèmù nílé kò lè san. Nígbà tí AMD fi máa gbé káàdì RX 5700 XT jáde ní ọdún 2019, GDDR6 ni òun náà lò.

Síbẹ̀, ẹni tó torí Vega ta ìpín AMD kábàámọ̀. Ryzen àti EPYC, àwọn chip tí AMD ṣe fún kọ̀ǹpútà àti sáfà, tí wọ́n jáde ní ọdún 2017 kan náà, ló gbé ilé-iṣẹ́ náà dìde. Dọ́là 10 àti díẹ̀ ni ìpín kan ń lọ ní ìparí ọdún 2017. Nígbà tí ọdún 2019 fi máa parí, ó ti lé ní 45.

Ẹ kò dárúkọ ilé-iṣẹ́ tiyín, nítorí náà ẹ ṣí ìròyìn ìṣúná tí wọ́n ń gbé jáde ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti pín owó tó wọlé sí ẹ̀ka-ẹ̀ka. Bí ọjà tó pẹ́ yìí bá wà ní ẹ̀ka tó ń mú nǹkan bí ìdajì owó wọlé, mo lè dín ìpín mi kù. Bó bá jẹ́ ẹ̀ka kékeré ni, èmi yóò dì í mú títí ìròyìn tó kàn yóò fi jáde.