Ẹ Bi Wá: Ìdí Ìbọn Tó Ń Ká

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá bàbá mi ṣe sójà Faransé ní Indochine (agbègbè Vietnam). Fọ́tò kan wà nílé níbi tí wọ́n ti di ìbọn mú, ìdí rẹ̀, ìyẹn ibi tí wọ́n ń gbé ti èjìká, sì ká sẹ́gbẹ̀ẹ́. A fẹ́ ṣe irú ìbọn náà sínú àpótí onígíláàsì ní gbọ̀ngàn ilé, kì í ṣe èyí tí yóò yìn. Ẹnì kan ní MAS 36 ti Faransé ni, ẹlòmíì ní ti Amẹ́ríkà ni. Níbo la ti lè rí ìdí rẹ̀ rà?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì yọ fàráǹkì kankan lápò. Ìbọn méjì ló lè jẹ́. Àkọ́kọ́ ni MAS 36 CR39, tí wọ́n ṣe ní Saint-Étienne fún àwọn sójà tó ń fi párásúùtì bọ́ láti òfuurufú. Èkejì ni M1A1 ti Amẹ́ríkà, tí àwọn Faransé náà lò ní Indochine. Ìdí ọ̀kan kò lè wọ ara èkejì láé.

Ẹ gbé gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá lé fọ́tò náà. Ẹ wo abẹ́ ìbọn, níwájú ibi tí wọ́n ń fi ìka fà. Bí àpò ọta bá yọ sísàlẹ̀ bí ahọ́n, M1A1 ni. Ọta 15 ló ń gbà. Bí abẹ́ rẹ̀ bá dán tí nǹkan kan kò yọ, CR39 ni, nítorí inú ara rẹ̀ ni ọta márùn-ún rẹ̀ ń jókòó sí. Ẹ tún wo ìdí náà fúnra rẹ̀. Ti M1A1 jẹ́ ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ pẹ̀lú awọ tí wọ́n kàn mọ́ ọn níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń sinmi lé, ojú á sì ríran kọjá láàárín irin. Ti CR39 dà bí ìdí ìbọn gidi, àmọ́ alumíníọ̀mù ni, inú rẹ̀ sì ṣófo. Ọwọ́ irin tí wọ́n fi ń ṣí CR39 tún tẹ̀ síwájú, èyí tí ẹ kò ní rí lára M1A1.

Apá òsì ni àwọn méjèèjì ń ká sí. Bó bá jẹ́ apá ọ̀tún lẹ rí i nínú fọ́tò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n tẹ fọ́tò náà sódì. Ẹ wo ẹ̀wù bàbá: bọ́tìnì ọkùnrin máa ń wà lápá ọ̀tún ẹni tó wọ̀ ọ́. Bí tiwọn bá wà lósì, fọ́tò ló yí padà. Ẹ má sì gbàgbé pé sójà púpọ̀ máa ń yá ìbọn ẹlòmíì ya fọ́tò. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí bàbá wà, ẹ kọ̀wé sí ibi ìkówèésí àwọn sójà Faransé ní ìlú Pau, kí ẹ kọ orúkọ wọn, ọdún tí wọ́n wọṣẹ́ àti nọ́ńbà sójà wọn bó bá wà lára ìwé kankan nílé.

Ó wá ku rírà. Nǹkan bí 140,000 M1A1 ni wọ́n ṣe nígbà ogun, ilé iṣẹ́ Inland nìkan ló sì ṣe wọ́n, ní Dayton, Ohio. Ìdí tó ń ká yẹn ni gbogbo ohun tó sọ ọ́ di M1A1. Ara irin M1 lásán a máa wọ inú igi tí ìdí náà so mọ́ ṣin-ṣin, kò sì sí «M1A1» lára irin kankan. «M1» ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ayédèrú fi pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó bá ní ojúlówó lòun ń tà, ẹ ní kó ya apá òsì igi náà fún yín. Níbi tí irin ìdí ti ń gbá igi nígbà tó bá ká, ojúlówó tó ti jagun á ní ojú ibi tó ti fá wọnú. Igi tó bá gbó káàkiri ṣùgbọ́n tó dán níbẹ̀ yẹn, wọ́n fọwọ́ gbó o ni. Àmọ́, láàárín àwa àti ẹ̀yin, kí ni ẹ fẹ́ fi ojúlówó ṣe nínú gíláàsì? Ẹ béèrè èyí tí wọ́n kọ «repro» sí, ìyẹn ẹ̀dà. Àwọn ilé iṣẹ́ bíi Denix ní Sípéènì tilẹ̀ ń ṣe odindi ẹ̀dà ìbọn àtijọ́ tí kò lè yìn.

CR39 ni wàhálà wà. Díẹ̀ ni wọ́n ṣe, ọ̀pọ̀ ìdí tó sì wà lójà ti já kúrò lára ìbọn rẹ̀. Ọjà «bourse aux armes» ní ilẹ̀ Faransé la ti ń rí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa wá ni «crosse repliable MAS 36 CR39». Aṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn ra ìdí láìsí irin tó so ó mọ́ ara ìbọn àti ìṣó tó ń yí lé lórí. Láìsí méjèèjì yìí, ìdí náà á kàn máa rọ̀ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ tó kán. Ẹ béèrè fọ́tò ibi tó ti ń ká, ní ṣíṣí àti ní kíká, kí ẹ tó sanwó.

Bí owó rẹ̀ bá ga jù, àwọn tó ń da ìkòkò alumíníọ̀mù lè bá yín da á. Ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ ní igi. Alumíníọ̀mù a máa sún kì bó bá tutù, nǹkan bí 13 mílímítà lórí mítà kan. Nítorí náà, àwòṣe 30 sẹ̀ńtímítà gbọ́dọ̀ fi mílímítà mẹ́rin gùn ju ohun tí ẹ ń fẹ́ lọ. Ẹ má da á ní odidi: á wúwo, ibi tó bá nípọn á sì rì wọnú bí ó bá ń gbẹ. Ẹ dà á ní ìlàjì méjì, kí ara rẹ̀ nípọn tó mílímítà márùn-ún, kí ẹ fi sikúrù so wọ́n pọ̀. Pístọ̀n àti bùlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì àtijọ́ ni kí wọ́n yọ́, kì í ṣe agolo ohun mímu. Ti ẹ́ńjìnnì máa ń ṣàn dé kọ̀rọ̀ kékeré. Ihò wíwẹ́wẹ́ tó máa ń bà á jẹ́, omi inú yanrìn tí wọ́n ń dà á sí ló sábà máa ń fà á. Bí wọ́n bá fọwọ́ fún yanrìn náà, ó gbọ́dọ̀ dì, kó ṣẹ́ sí méjì geere, kí àtẹ́lẹwọ́ má sì tutù.

Ara ìbọn yòókù, igi ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ pátápátá, títí kan ẹnu rẹ̀. Ẹ má fi páìpù irin sí i. Ọlọ́pàá tó bá rí páìpù lójú ọ̀nà kò ní bi yín ní ìtàn bàbá àgbà.

Ìbéèrè láti Kétu: Àbúrò mi wà ní Lyon. Ṣé ó lè fi ẹ̀yà ara MAS 36 ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú aṣọ àti bàtà? Wọ́n ní ìbọn tí wọ́n ti pa, ìyẹn èyí tí wọ́n ti sọ di aláìlèyìn mọ́, kò ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ sọ fún un kó má dán an wò. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹnu ìbọn, irin tó ń ti ọta wọlé àti àpótí tí irin náà ń rìn nínú rẹ̀ wà lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí ìbọn fúnra rẹ̀. Ìdí kò sí lára wọn. Àmọ́ níhìn-ín ní Benin, àdéhùn CEDEAO (ECOWAS) tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní 2006 ka ìbọn àti gbogbo ẹ̀yà tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ kó wọlé, àfi tí ìjọba bá tọrọ ààyè. Ìwé ẹ̀rí ìbọn tí wọ́n pa ní Saint-Étienne, òfin Yúróòpù ló tẹ̀ lé. Kì í ṣe àṣẹ láti kó o wọ Benin. Ìdí nìkan ni kó rà, kó kọ ohun tó jẹ́ gan-an sára páálí, kí ẹ sì ti béèrè lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà onígi pàápàá, ẹ gbé fọ́tò rẹ̀ lọ sí kọmísáríà Police républicaine tó sún mọ́ yín kí ẹ tó gbé e jáde nílé, ẹ má sì gbé e gba bodè Ìgólo.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn gidi lẹ bá lókè àjà bàbá, ẹ má gbé e, ẹ má sì ṣí i. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe àwọn ọlọ́pàá wá bá a níbẹ̀.

Ìbéèrè láti Ṣábẹ̀ẹ́: Ìyẹ̀fun funfun ń hù lára ìdí alumíníọ̀mù wa. Ìyá mi ní ká fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́.

Ìdáhùn: Ẹ bá wa bẹ màmá. Eérú tó wà nínú ọṣẹ dúdú ń jẹ alumíníọ̀mù. Á dúdú, ara rẹ̀ á sì ṣá. Ọsàn wẹ́wẹ́ náà kò dáa. Ìyẹ̀fun yẹn máa ń pọ̀ jù níbi tí ìṣó irin bá ti kan alumíníọ̀mù, torí pé bí ọ̀rinrin bá wọ àárín wọn, alumíníọ̀mù ló ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì eyín tó rọ̀ gbá a kúrò ní gbígbẹ, ẹ yọ ìṣó, ẹ fi girísì díẹ̀ pa á kí ẹ tó dá a padà. Bí awọ bá wà lára tiyín, ẹ má fi òrí pa á níbi tí ìṣó bàbà ti gún un: ọ̀rá àti bàbà ló ń di ìpata aláwọ̀ ewé. Igi tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tayín ló lè ha á kúrò láìfá awọ náà.