Ta Ló Ni Ojú Ọ̀nà Iwájú Ilé Ẹ̀kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olùkọ́. Ọmọ ọdún 7 ni ọmọ mi. Tí wọ́n bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, ńṣe ni ọkọ̀ àwọn òbí máa ń dí ẹnu géètì pa, àwọn ọmọ á máa sá gba àárín wọn kọjá. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní inú ọgbà ni agbára òun mọ. Kí la lè ṣe?

ÌDÁHÙN: Ìyá ọmọ, ẹ kú àníyàn. Mo fi ọdún 22 kọ́ni, ọ̀sán kan ò sì kúrò lọ́kàn mi: bàtà ọmọ kékeré kan, ti ẹsẹ̀ òsì, lábẹ́ táyà ọkọ̀ tó ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gbọ̀n títí ilẹ̀ fi ṣú. Awakọ̀ náà kì í ṣe àjèjì o. Òbí ni.

Nítorí náà, ọ̀dọ̀ ara yín ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fẹnu kò pé ọkọ̀ kankan ò ní dúró lẹ́nu géètì mọ́. Kí kálukú páàkì sókèèrè, kó fẹsẹ̀ rìn wá mú ọmọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 7 kò tíì lè fojú díwọ̀n bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó, ó sì kúrú débi pé ẹni tó ń fi ẹ̀yìn rìn lè má rí i rárá.

Àwọn ará àdúgbò ńkọ́? Ẹ lọ kí wọn nílé. Bàbá tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń jókòó síwájú ilé lójoojúmọ́, mọ ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá yín dúró fún ogún ìṣẹ́jú.

Lẹ́yìn náà, ẹ jọ kọ̀wé sí aláṣẹ tó ń bójú tó ọ̀nà. Kìlómítà 30 ní wákàtí kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn níbi tí ọmọdé àti ọkọ̀ bá ti ń pàdé. Ẹ ka ọkọ̀ tó ń kọjá fún ọjọ́ márùn-ún, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú lẹ́tà náà.